Ohun Tí Màmá Gbọ́ ní Youghal

Longbridge, Barking,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 2024.

Màmá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀ ọkọ̀ òfurufú, ẹ sì kú ilé. Mo mọ̀ pé Husnah àbúrò mi á ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀ dè yín, àti pé gbogbo Òkè-Balógun á ti máa ya wá kí arìnrìn-àjò káàbọ̀.

Nabeelah ọmọ àbúrò yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ó ń bọ̀ wálé síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé ẹ kò gbé fóònù mi. Mo pè títí ó fi sú mi. Bí Husnah bá gbé e, á ní ẹ ń kírun, tàbí ẹ ń sùn, tàbí ẹ ti jáde. Màmá, láti kékeré mi, mi ò rí ọjọ́ tí ẹ sùn lọ́sàn-án rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? A ti jọ fẹnu kò pé títí ìparí oṣù Kẹjọ lẹ máa wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ lò nílé mi kí a tó kọjá sí Ireland láti lọ rí Catherine àfẹ́sọ́nà mi, tó ti ṣáájú wa lọ sílé, àti àwọn òbí rẹ̀. Bí a ti padà dé báyìí, ẹ di ẹrù yín, ẹ ní ọ̀dọ̀ Nabeelah ní Dagenham East ni ẹ fẹ́ wà. Ibẹ̀ náà lẹ ti gba pápákọ̀ lọ. Ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sìn yín.

Ojoojúmọ́ ni Catherine ń bi mí bóyá torí pé òun jẹ́ Kátólíìkì ni. Ìyá rẹ̀ náà pè láti Youghal, wọ́n ní ṣé oúnjẹ àwọn ni kò bá yín lára mu. Mo ní ó kàn rẹ̀ yín ni. Mo ti sọ gbólóhùn yẹn títí, èmi alára kò gbà á gbọ́ mọ́.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Inú mi kò dùn. Àwọn ènìyàn yẹn pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n gbé wa káàkiri ìlú wọn, wọ́n fi ilé aago hàn wá, wọ́n fi odi ìlú hàn wá, ẹ kàn ń tẹ̀lé wa bí ẹni tí wọ́n fi agídí mú wá. Lọ́jọ́ tí a lọ sí etí òkun, èmi àti Catherine rìn lọ síwájú díẹ̀, a fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lórí ìjókòó. Nígbà tí a padà dé, ẹ kò wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá náà kò ṣe yín ní ibi kankan. Wọ́n kàn jókòó tì yín ni. Ojú tì mí níwájú wọn, Màmá.

Ìgbéyàwó ṣì wà fún oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀. A ó so yìgì ní Barking, a ó sì lọ ṣe ti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Youghal. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí Catherine lórí fóònù Husnah, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè Yorùbá. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Bàtà tí ẹ fẹ́ràn ní ọjà Barking, mo ti rà á. Nabeelah ń mú un bọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Abdussalam.


Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 2024.

Abdussalam, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa wà pẹ̀lú rẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, bàtà náà sì bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Mo dúpẹ́. Husnah àti àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọ. Òjò ti mú kí ọ̀sà kún, ẹja pọ̀ lọ́jà, ara mi sì le.

O ní kí ni o ṣe. Mi ò ní dáhùn ìyẹn lónìí, torí ìbínú ni mo fi ka lẹ́tà rẹ, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ tèmi.

Kọ́kọ́ bá mi sọ fún Catherine pé kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí atẹ́gùn òkun ń gbọ̀n mí, kóòtù ọrùn ara rẹ̀ ló bọ́ wọ̀ mí. Òun ló lọ bá ẹni tó ń ta ẹran ní ìlú wọn, tó béèrè ohun tí Mùsùlùmí lè jẹ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọmọ tó wù mí ni.

O tún ní mo ń tẹ̀lé yín bí ẹni tí wọ́n fi agídí mú wá. Salaamu, ìlú náà wù mí. Wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ gùn bí ẹni ń ṣeré, Youghal, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń pè é ní Yọ́ọ̀lù. Bí mo ti rí àwọn ọkọ̀ ẹja tí wọ́n so mọ́ èbúté wọn, ara mi balẹ̀. Òórùn ibẹ̀ ló ń rùn ní etí ọ̀sà tiwa náà, àfi pé òtútù wà nínú tiwọn.

Ilé aago gogoro tó dábùú òpópónà wọn, tí mọ́tò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi í ṣe láyé àtijọ́. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń so àwọn tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà kọ́, kí gbogbo ọjà lè rí wọn. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n kúrò níbẹ̀, ìdílé kan ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ. Mo wo fèrèsé náà títí. Bí ènìyàn ṣe ń sùn síbẹ̀ kò yé mi.

Odi ìlú wọn rán mi létí yàrà Erédò, àfi pé òkúta ni tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú odi náà ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún, wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Ilé kan wà nítòsí ibẹ̀ tí olórí ìlú kan gbé láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ gbin ọ̀dùnkún òyìnbó sílẹ̀ Ireland. Bàbá Catherine rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, wọ́n ní ìlú púpọ̀ ló ń pa irọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún yẹn náà ló wá pa wọ́n lẹ́kún. Ó rà mọ́ ilẹ̀, ebi dé, àwọn ènìyàn ń kú lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn mìíràn wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà náà ni obìnrin ẹlẹ́sìn kan ní ilé àwọn sísítà Kátólíìkì wọn mú léèsì àtijọ́ kan, ó tú u fọ́nrán-fọ́nrán kí ó lè mọ bí wọ́n ti ṣe é, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi wá oúnjẹ. Èyí tí ìyá Catherine gbé jáde látinú àpótí, ìyá ìyá wọn ló ṣe é, ojú rẹ̀ sì ti ń fọ́ nígbà tó ń parí rẹ̀. Mo fi ìka kan péré kàn án.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi jù ni ti iná ojú òkun. Kí wọ́n tó kọ́ ilé iná tó wà níbẹ̀ lónìí, àwọn sísítà ló ń tan iná lórí ilé gíga fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Rò ó wò. Obìnrin tí kò ní ọkọ ló ń jí tan iná kí ọkọ àwọn ẹlòmíràn má baà rì.

Mo kọ gbogbo èyí kí o lè jókòó rò ó. Mi ò lè wá síbi ìgbéyàwó yẹn. Má fi ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Mi ò lè tún jókòó níwájú bàbá Catherine bí mo ti jókòó lọ́jọ́sí.

Èmi ìyá rẹ,
Ramlat Ọ̀ṣẹ́nì.


Longbridge, Barking.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Husnah, mo kí àwọn ọmọ.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo tún un kà ní ibi iṣẹ́ ní River Road, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ń pè mí, mi ò gbọ́.

Màmá, ta ló sọ ọ̀rọ̀ àwọn sísítà yẹn fún yín? Èmi ni mo wà láàárín yín nígbà tí Bàbá Catherine ń ṣàlàyé. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mi ò túmọ̀ ti ẹ̀wọ̀n, mi ò túmọ̀ ti ìdílé tó gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ ìtàn léèsì, mo kàn ní aṣọ ìyá ìyá wọn ni. Mo rántí dáadáa. Ṣé Nabeelah ló kà á fún yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi kí ọkàn mi balẹ̀.

Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ nípa yín nílé wọn, kì í ṣe bí ẹ ti rò ó. Ó ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé kọ.

Ara Bàbá Catherine kò fi bẹ́ẹ̀ le. Catherine lọ wò wọ́n, ó ní wọ́n ti rù, ṣòkòtò wọn kò dúró nídìí wọn mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n ń béèrè yín. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ ńkọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn?” Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní ẹ kí wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù.

Ọmọ yín,
Salaamu.


Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ogúnjọ́, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Abdussalam,

Mo kí ọ. Mo pẹ́ kí n tó fèsì torí mò ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí èébú. Mi ò rí ọ̀nà. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa lọ sí Cork, kí a tó fi mọ́tò dé Youghal, o rí i tí ètè mi ń mì, o rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún àwọn òbí Catherine pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n tọ́ ọmọ tó níwà, àti pé ọjọ́ tó bá wọ ilé mi, ọmọ mi ló dà. Mo tò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìyá Catherine di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n wá kọjú sí ọ, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá?” O ní, “Rárá. Wọn ò gbọ́ ẹyọ kan.”

Mo wò ọ́. Ilẹ̀ lò ń wò. Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, kí n ní eré lò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá la ẹnu, o ti di òpùrọ́ lójú àwọn àna rẹ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Mo bá gbé Gẹ̀ẹ́sì mi mì. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà lédè Yorùbá, gbogbo rẹ̀, mo sì fi àdúrà sí i. O yíjú sí wọn, o ní, “Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, àwọn á fẹ́ lọ sùn.”

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ìyá Catherine mú mi gòkè, wọ́n da aṣọ bò mí bí ọmọ ọwọ́. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Ìgbà náà ló wá yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ lo máa ń wà láàárín èmi àti Catherine lórí fóònù. Mo ti ń rò pé ohùn mi ni kì í lọ dáadáa.

O mọ̀ pé mo ka ilé ìwé mọ́dàn. O mọ̀ pé wọ́ọ̀dù ọsibítù ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, tí àwọn dókítà láti Índíà ń rán mi níṣẹ́, tí mò ń dá wọn lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì mi kò dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun ni mo fi bá ọ̀gá ilé ìwé rẹ jà nígbà tí wọ́n fẹ́ lé ọ. Kí ni mo ṣe tí ẹnu mi fi di ohun tí ò ń fi pamọ́?

Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló lé mi kúrò nílé rẹ.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí etí òkun, tí ìwọ àti Catherine rìn lọ, Bàbá Catherine kọ́kọ́ nawọ́ sí ibi tí odò wọn ti pàdé òkun. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọn ò wò mí, òkun ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, “Ó dára tí ẹ kò gbọ́ mi, màdámù, torí mo ní láti sọ ọ́ fún ẹnìkan.” Wọ́n sì sọ ọ́. Ohun tí ìyàwó wọn kò mọ̀, tí Catherine kò mọ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ọ láé. Àmánà ni, ohun tí a fi sí ìpamọ́ ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé àwọn fi í sọ́wọ́ mi. Wọ́n sunkún díẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún mi, pé mi ò mọ ohun tí àwọn ń sọ.

Ó yẹ kí n ti dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ì bá ti tó. Mo dákẹ́ nítorí tìrẹ. Mo bo irọ́ tìrẹ, mo sì ti ibẹ̀ jí ọ̀rọ̀ inú àgbàlagbà tó gbà mí lálejò. Ìdí rèé tí mi ò fi lè wojú ẹnikẹ́ni. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, bí mo bá kírun tán, ojú ń tì mí láti tẹ́wọ́ tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Lọ sí Youghal. Má fi fóònù sọ ọ́, má fi Catherine rán. Lọ sọ fún wọn pé ìyá rẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àti pé kò tíì ti ẹnu mi jáde. Bí o ṣe sọ pé wọ́n ń rù yẹn, má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ.


Longbridge, Barking.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Màmá,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo tì í sábẹ́ àwọn aṣọ mi, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Mo ń lọ kírun Jímọ̀ ní Barking, ara mi nìkan ló wà nínú sàfù, ìlà àwọn olùkírun. Ẹ ní kí n lọ kíákíá, mi ò lọ kíákíá. Ẹ̀rù bà mí.

Ẹ béèrè ohun tí ẹ ṣe. Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ń tan ara mi jẹ pé bí àwọn ará Ireland ṣe ń sọ̀rọ̀ kò yé yín, pé ẹ kò gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú yín lọ wo ibi iṣẹ́ mi ní River Road. Ẹ kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti sanra jù fún ọjọ́ orí rẹ̀, ta ló ń se oúnjẹ fún un. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ lọ tán, Jìmí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tí wọ́n bí síbí, bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn yín jẹ. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo pe Catherine nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dọ́gbọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo sọ fún Catherine. Inú ọgbà ìgbafẹ́ Barking ni a wà, lẹ́bàá omi. Ó ní, “Ìgbà tí mo bi wọ́n lórí fóònù pé ṣé wọ́n á fẹ́ràn mi, tí o ní wọ́n sọ pé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ńkọ́?”

Mo ní irọ́ ni mo pa, mi ò bi yín rárá.

A jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Youghal. Ó ní kí n wá sọ ọ́ níwájú àwọn òbí òun, òun ò ní bá mi sọ ọ́.

Wọ́n gbé tíì kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti rù lóòótọ́, ọrùn wọn ti tínrín nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè mu tíì náà. Mo ní, “Sà, mo purọ́ fún yín. Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun gbogbo tí ẹ sọ ní ìlú yìí, wọ́n gbọ́ ọ.”

Ìyá Catherine ní, “Èwo nínú rẹ̀?”

Mo ní, “Gbogbo rẹ̀, mà.”

Bàbá náà wò mí. Wọ́n ní, “Ti etí òkun ńkọ́?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n kọ̀ láti sọ fún mi. Wọ́n ní àfi kí ẹ mọ̀ pé àwọn gbọ́.”

Wọ́n dìde, wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé. A ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n dúró lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wọ́n di okùn náà mú. Ìyá Catherine bi mí pé, “Kí ni ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ?” Mo ní mi ò mọ̀. Wọn ò gbà mí gbọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn ò jókòó. Wọ́n fi ọwọ́ lé èjìká ìyàwó wọn, wọ́n sì sọ ọ́. Jẹjẹrẹ ni, nínú ìfun. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni dókítà ti sọ fún wọn. Wọ́n fẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá ná kí wọ́n tó jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kan àwọn.

Màmá, igbe tí ìyá Catherine ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Catherine ní kí n máa lọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi, ó ní òun fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn òbí òun. Bàbá rẹ̀ ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà yín fún àwọn. Mo kọ ọ́. Wọn ò bọ̀ mí lọ́wọ́.

Catherine kò tíì padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò gbé fóònù mi. Èmi náà ti wá mọ bó ṣe ń rí.

Mi ò ní ẹnu láti tọrọ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bó bá pè yín, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Á gbọ́ tiyín.

Salaamu.


Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Salaamu ọmọ mi,

Ọlọ́run kó tù ọ́ nínú. O pẹ́, ṣùgbọ́n o lọ. Mo ti gbọ́ látẹnu àwọn tí o lọ bá kí lẹ́tà rẹ tó dé.

Bàbá Catherine pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Màdámù Ọ̀ṣẹ́nì, bàbá Catherine ni.” Mo kí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, “Báyìí ni ohùn yín ṣe rí.”

Mo ní báyìí ló rí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, pé mo gbọ́ ohun tí kì í ṣe tèmi, mi ò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní inú bí àwọn lọ́jọ́ tí o wá, pé ó ṣe àwọn bí ẹni pé wọ́n tú àwọn sí ìhòòhò láàárín ìlú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dúró nítòsí okùn aṣọ yẹn, àwọn rí i pé ẹnìkan ti mọ̀ láti oṣù Kẹfà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn lè padà wọlé lọ sọ fún ìyàwó wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ̀ pé mo gbọ́, àwọn ì bá má sọ ọ́, àwọn ì bá sì ṣì máa dá gbé e.

Mo bi wọ́n bí ara wọn ti ń ṣe. Wọ́n ti ń lọ gba ìtọ́jú ní Cork. Oògùn náà ń mú wọn bì. Dókítà ní ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì ní kí wọ́n fi ìtọ́jú sílẹ̀. Mo sọ ohun tí a máa ń fún àwọn aláìsàn wa mu fún èébì, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà. Wọ́n gbé fóònù fún ìyàwó wọn. Ìyá Catherine sunkún sí mi létí, wọ́n ní, “Mo sì gbé yín sùn nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú fún wọn. Ó já sí méjì lójú ọ̀nà, mo tún un tò.

Má rò pé ìtìjú náà ti tán lára mi. Bí Husnah bá bi mí nípa ìlú yẹn, ti ilé aago àti ti léèsì ni mò ń sọ. Mi ò sọ ti ìjókòó etí òkun. Ìwọ náà, èmi ò ní bá ọ gbé tìrẹ kúrò lórí rẹ. Gbé e díẹ̀. Jìmí tó sín ohùn mi jẹ, sọ fún un pé mo kí i, kó wá kí mi bó bá dé Ẹ̀pẹ́.

Catherine pè mí lánàá. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa. Ó bi mí bóyá ẹni tó lè ṣe báyìí sí ìyá rẹ̀ lè ṣe é sí òun náà lọ́jọ́ kan. Mo rántí ohun tí o bẹ̀ mí, pé kí n bá ọ bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní fẹnu mi dáhùn ohun tó yẹ kó ti ẹnu rẹ gbọ́. Ó ní òun wà ní Youghal títí ìparí oṣù yìí.

Lọ bá a. Sọ tìrẹ fúnra rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Ramlat Ọ̀ṣẹ́nì.